Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ọdún àti Irú Kẹ̀kẹ́ Ológeere Àtijọ́ Tẹ́ Ẹ Bá Rí l'Ékòó

Kẹ̀kẹ́ tó bá ti pẹ́ l'Ékòó, ọwọ́ tó ti tún un ṣe kì í ṣe ẹyọ kan. Táyà ẹ̀yìn lè wá láti Íńdíà, họ́ọ̀bù iwájú láti Ṣáínà, kí ìjókòó jẹ́ ti tòkunbọ̀ kan tó gba Àpápá wọlé nínú kọ̀ǹténà. Ẹ wá rí báàjì Raleigh, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ní Nottingham, Ìlú Ọba, níwájú, ẹni tó ń tà á sì ti ní ti ayé òyìnbó ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ báàjì kọ́ ló máa sọ fún yín.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ká to ẹ̀rí bó ṣe nira tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Férémù ló ṣáájú, fọ́ọ̀kù tẹ̀ lé e, ṣéènì wíìlì àti apá pẹ́dàlì tẹ̀ lé fọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà họ́ọ̀bù. Rímù, mọ́gáàdì, kárìà àti ìjókòó, ẹ gbọ́ tẹnu wọn ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé wọn. Sítíkà àti báàjì ló gbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá ní rífẹ́ẹ̀tì méjì lè kan báàjì Raleigh mọ́ ohunkóhun. Ẹ wo ihò báàjì dáadáa: tí ihò mìíràn tí wọ́n ti dí bá wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báàjì ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà férémù. Ibi mẹ́rin ló sábà máa ń wà: ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù ìjókòó ti wọnú férémù, abẹ́ ilé pẹ́dàlì, ìyẹn páìpù kúkúrú tí àsẹ́ẹ̀lì pẹ́dàlì gba inú rẹ̀ kọjá, ara irin pẹlẹbẹ tí àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ń wọ̀, tàbí ọrùn férémù níwájú. Tó bá jẹ́ Raleigh àwọn ọdún 1950 sí 1960, òkè níbi ìjókòó ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi sánpépà kàn án o. Nọ́ńbà tí wọ́n fi òòlù lù sára irin kò jìn, atẹ́gùn ọ̀sà kì í sì í ṣàánú irin, pàápàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ẹ̀búté Mẹ́ta. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ojú irin, ohun tó kù lè máà ju àpá lásán lọ, sánpépà á sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ẹ dì í mọ́ ojú ibẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti tó. Tí ọ̀dà bá nípọn, torí pé wọ́n ti kun kẹ̀kẹ́ náà léraléra, ẹ fi oògùn tó ń bó ọ̀dà sí ojú nọ́ńbà nìkan, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírun báràsì fọ̀ ọ́, kì í ṣe ti irin.

Tó bá gbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ra á, kẹ́ ẹ fi aṣọ nu ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́. Èyí tó wọ kòtò á dúró síbẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé irin, ẹ yà á ní fọ́tò nígbà tí iná wà lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún yà á nígbà tó wà lápá òsì. 3 àti 8 ló ń dani rú jù, 1 àti 7 tẹ̀ lé e, 5 àti S náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà tí iná ọ̀tún bá bò, ti òsì á fi hàn. Ẹ kọ gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ níwájú ìbáà jẹ́ lẹ́yìn, ẹ má kọ nọ́ńbà nìkan. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ojú ibẹ̀ pẹrẹsẹ, tàbí tí wọ́n jó irin lé e lórí, èmi ò ní ra irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rẹ́ nọ́ńbà mọ ìdí tó fi rẹ́ ẹ.

Láti nǹkan bí ọdún 1973 ni nọ́ńbà Raleigh ti ń sọ̀rọ̀ tó yé èèyàn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́: N dúró fún Nottingham, W fún Worksop. Lẹ́tà kejì ni oṣù: A ni oṣù kìíní, B ni oṣù kejì, àmọ́ wọ́n fo àwọn lẹ́tà kan bó ṣe ń lọ sókè, nítorí náà ẹ má kàn fi ìka kà á. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà méjì yìí ni ìparí ọdún. NA6 ní ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí Nottingham, oṣù kìíní, ọdún 1976. Ó tún lè jẹ́ 1986, ara kẹ̀kẹ́ yòókù ló máa dá ẹjọ́ ìyẹn. Nọ́ńbà tó ti wà ṣáájú 1973 ni kò fara rọ. Àkọsílẹ̀ wọn kò pé, àtẹ tí àwọn èèyàn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń ta kora. Ẹ fi mọ ẹ̀wádún, ẹ má fi búra pé ọdún báyìí ni.

Ẹ̀rí tí mo gbà gbọ́ jù lẹ́yìn nọ́ńbà ni tíréèdì, ìyẹn àwọn ìlà tó yí irin ká tí nọ́ọ̀tì ń yí lé, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò. Ìdí nìyí: Raleigh ra àwọn ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn, Humber lọ́dún 1932, Rudge lọ́dún 1943, ó sì ra ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ BSA lọ́dún 1957. Lọ́dún 1960, ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ TI (Tube Investments), tó ti ní Phillips, Hercules àti Norman, dara pọ̀ mọ́ Raleigh. Báàjì wọn ò yí padà fún ọdún púpọ̀, àmọ́ Nottingham ni férémù ti wá ń jáde. Raleigh ní tíréèdì tirẹ̀, ìlà 26 nínú ínǹṣì kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba ń lo 24.

Ẹ ò nílò irinṣẹ́ olówó gọbọi láti kà á. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè tó wà lọ́rùn fọ́ọ̀kù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì kúrò, ẹ gbé rúlà onínǹṣì lé tíréèdì fọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ ka ìlà tó wà nínú ààbọ̀ ínǹṣì. Tó bá jẹ́ 13, 26 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 12, 24 ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá tó o mọ́ lè ya fọ́tò òun àti rúlà pọ̀, kó fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ìbú ilé pẹ́dàlì láti etí dé etí. Mìlímítà 68 ni ti ọ̀pọ̀. Ti Raleigh sábà máa ń jẹ́ 71 tàbí 76. Phillips tó ní tíréèdì 24, tí wọ́n sì kọ Smethwick sí lára, ti ìgbà tí J. A. Phillips ṣì ń ṣe kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni. Phillips tó ní 26, tí ilé pẹ́dàlì rẹ̀ sì fẹ̀ ju 68 lọ, ẹ fi sí ẹ̀yìn 1960.

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ kẹ́ ẹ mọ tíréèdì kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun sí kẹ̀kẹ́ náà. Kọ́ọ̀pù, ìyẹn irin onítíréèdì tí wọ́n ń yí wọ ẹnu ilé pẹ́dàlì lọ́tùn-ún àti lósì, tó bá jẹ́ 24, á wọ ilé 26 ní ìyípo kan tàbí méjì, á wá le. Oníkẹ̀kẹ́ tí kò fura á rò pé ìpẹtà ló dì í mú, á ki páìpù bọ ìdí sìpánà kó lè lágbára sí i, gbogbo ìlà inú férémù á sì fá dànù. Kò sí àtúnṣe tó rọrùn fún ìyẹn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kọ́ọ̀pù ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdì ló ń tú: apá ọ̀tún lẹ ó yí i sí. Tẹ́ ò bá nídìí pàtàkì láti tú u, ẹ fi sílẹ̀. Tíréèdì fọ́ọ̀kù ti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀.

Ṣéènì wíìlì wá ńkọ́? Èyí dùn ún wò, kò sì gba irinṣẹ́. Raleigh gbẹ́ orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn sí i, ẹyẹ tó jọ lékeléke. Ti Rudge jẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ti Humber jẹ́ èèyàn kéékèèké márùn-ún tó di ara wọn mú yíká, fọ́ọ̀kù Humber tó dáa sì tún máa ń ní páìpù méjì méjì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. BSA kọ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ sí i, báàjì rẹ̀ sì jẹ́ ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fẹnu kọ́ra. Àmọ́ kọ́tà pínnì, irin kékeré tí wọ́n ń gbá wọlé, ló di apá pẹ́dàlì mú mọ́ àsẹ́ẹ̀lì, kọ́tà pínnì sì ń jáde. Tí ṣéènì wíìlì bá ní ẹyẹ, tí apá òsì wá wúwo ju apá ọ̀tún lọ tàbí tí ó gùn jù ú lọ, ẹnì kan ti pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, tó bá jẹ́ onígíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer, ilé iṣẹ́ họ́ọ̀bù ní Ìlú Ọba, ọdún rẹ̀ wà lára rẹ̀ gbangba. Ẹ nu gíríìsì kúrò ní ikùn họ́ọ̀bù, ẹ máa rí AW, orúkọ irú họ́ọ̀bù náà, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà ọdún àti ti oṣù: AW 58 11 jẹ́ oṣù kọkànlá ọdún 1958. Dynohub GH6, họ́ọ̀bù tó ń pèsè iná fólìtì 6, náà máa ń ní ọdún. Ohun tí èyí fi hàn ni pé kẹ̀kẹ́ náà kò lè dàgbà ju họ́ọ̀bù lọ tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n bí i mọ́. Ó lè kéré sí i ní oṣù mélòó kan, torí họ́ọ̀bù máa ń wà nílẹ̀ kí wọ́n tó to kẹ̀kẹ́. Ẹ ka sípóòkù: àṣà Ìlú Ọba láyé ìjọ́sí ni 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Tí ẹ bá ka 36 sí méjèèjì lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní ti 1950 ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ wíìlì. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá sí ìhín kò ní gíà rárá, họ́ọ̀bù wọn ò sì sọ ọdún kankan.

Ìwé àti páànù tó bá kẹ̀kẹ́ wá ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Tẹ́ ẹ bá rà á nínú ilé ẹbí kan, ẹ béèrè fún rìsíìtì bàbá àgbà kẹ́ ẹ tó sanwó. Rìsíìtì tí wọ́n fi pọ́n-ún àti ṣílè kọ, ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni, torí ọjọ́ yẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀. Páànù láísẹ́ǹsì kékeré tún lè wà lára fọ́ọ̀kù tàbí lábẹ́ ìjókòó. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, ó ṣì wà nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 títí dòní. Ọdún tó bá wà lára páànù sọ pé kẹ̀kẹ́ náà ti wà lórí títì nígbà yẹn, kò sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Irú rẹ̀ wàyí. Ẹ wọn férémù láti àárín ilé pẹ́dàlì dé òkè páìpù ìjókòó, ní ínǹṣì, kẹ́ ẹ sì ka ohun tó wà lára táyà. Raleigh DL-1 ni ti àwọn bàbá wa: táyà 28 x 1½, bíréèkì onírin tó ń fa rọ́bà sí inú rímù láti ìsàlẹ̀, férémù ọkùnrin 22 tàbí 24. Raleigh Sports ní táyà 26 x 1⅜, bíréèkì oníwáyà, férémù 21 tàbí 23. Sports tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lórí fọ́ọ̀kù àti Dynohub níwájú, Superbe ni. Raleigh Chopper ò lè ṣi èèyàn lójú: wíìlì 16 níwájú, 20 lẹ́yìn, Ìlú Ọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1970. Ẹ ṣọ́ra fún táyà 28 yẹn o. Wíìlì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 635 níbi tí táyà ń jókòó sí. Táyà mìíràn tí wọ́n kọ 28 sí lè jẹ́ 622, kò ní wọ̀ ọ́ láéláé bó ti wù kí fọkanáísà fà á tó.

Kẹ̀kẹ́ Íńdíà tó jọ DL-1 pọ̀ gan-an: Hero láti Ludhiana, Atlas láti Sonepat. Ẹ yí ẹ̀yìn apá pẹ́dàlì àti ìsàlẹ̀ bíréèkì wò, orúkọ Íńdíà sábà máa ń wà níbẹ̀. Sen-Raleigh ti Asansol ló ń tan èèyàn jù, torí ọmọ Raleigh gidi ni. Flying Pigeon láti Tianjin, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950, náà gbé ìrísí kan náà wọ̀. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, àwọn kan tiẹ̀ le ju ti Nottingham lọ, àmọ́ ẹ má san owó Nottingham lé e.

Tòkunbọ̀ láti Japan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn apá pẹ́dàlì Shimano, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, tàbí inú bíréèkì rẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà méjì tó dá dúró. Ti àkọ́kọ́ ni ọdún, A jẹ́ 1976, B jẹ́ 1977, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé Z; ti kejì ni oṣù, A dé L. GF jẹ́ oṣù kẹfà ọdún 1982. Àmọ́ lẹ́yìn Z ti ọdún 2001, wọ́n tún padà sí A, GF sì lè jẹ́ 2008. Ẹ yí lífà gíà láti mọ̀ ọ́n: 1984 ni Shimano gbé gíà SIS, tó ń dún kẹ́kẹ́ ní ipele ipele, jáde, nítorí náà èyí tó bá ń yọ́ lọ geere láìdún, tí gíà ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ti 1982 ni kẹ́ ẹ kà á sí.