Ọrùn Ọmọ Ọlọ́mọ

Sátidé, alẹ́

Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ohùn mi sì ti há, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sùn kí n tó kọ ti òní sílẹ̀. Àwa mẹ́jọ la kóra jọ sórí pápá láàárọ̀, èmi àti àwọn méje tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ rẹfirí rọ́gbì lọ́dọ̀ mi. Ìrì ò tíì gbẹ lára koríko nígbà tí a dé. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rin pápá náà yíká, kí wọ́n wá kòtò, kí wọ́n wá òkúta, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n ti fi tìmùtìmù wé ìdí òpó góòlù. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wọn rí àfọ́kù ìgò kan tí ẹrẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé e, ó wá fi lé mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Scrum la fi èyí tó pọ̀ jù nínú àárọ̀ náà ṣe. Ẹgbẹ́ kan ti yá wa ní àwọn eléré wọn. Èèyàn 8 wà níbí, èèyàn 8 wà lọ́hùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti orí bọ àárín ara wọn, wọ́n á máa ti ara wọn láti du bọ́ọ̀lù. Àwọn mẹ́ta tó wà níwájú lápá kọ̀ọ̀kan ló ń ru ẹrù yẹn. Bí ìlà iwájú bá wó lulẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, tí wọ́n ṣì ń tì, ọrùn lè kán níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rẹfirí fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ pè. Crouch, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bind, kí àwọn prop, ìyẹn àwọn méjì tó wà ní etí ìlà iwájú lọ́tùn-ún àti lósì, na ọwọ́ ìta, kí wọ́n di aṣọ ẹni iwájú wọn mú. Set, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè pàdé. Láti 2013 ni àjọ tó ń ṣàkóso rọ́gbì lágbàáyé, tí a ń pè ní World Rugby báyìí, ti fi ètò yìí lélẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti di ara wọn mú kí wọ́n tó pàdé, wọn ò láyè àtifi agbára já lu ara wọn bíi ti àtijọ́ mọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kọ́kọ́ gba fèrè. Ó pe ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà dára. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, oòrùn ti mú, ó sì lẹ bind mọ́ set. Apá kan wọlé, apá kejì ò tíì múra tán, ni gbogbo wọn bá wó. Kíá ni mo fọn fèrè tèmi. Ẹnì kankan ò fara pa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn prop dìde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ọrùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ń retí ọ̀rọ̀ yẹn níbi tó ti ń wà látàárọ̀ ni.”

Mo ní kó tún un sọ kí àwọn méjèèje gbọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ara eléré ń bá ohùn rẹfirí rìn bí oníjó ṣe ń bá ìyá ìlù rìn. Bí onílù bá já ohùn gbà mọ́ oníjó lẹ́sẹ̀, ojú á tì í lójú agbo. Nínú scrum, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀.

Lábẹ́ igi, mo fi fídíò tackle kan, ìyẹn gbígbá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú kó lè ṣubú, hàn wọ́n lórí fóònù, mo ní kí kálukú kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn méjì kọ pẹ́nárítì lásán, mẹ́ta kọ káàdì yẹ́lò, èyí tó máa jẹ́ kí eléré náà jáde fún ìṣẹ́jú 10, méjì tó kù kọ káàdì pupa. Tackle kan ṣoṣo! A wá gbà á ní ìbéèrè-ìbéèrè bí World Rugby ṣe là á sílẹ̀. Ṣé nǹkan fara kan orí? Ṣé ẹ̀bi wà níbẹ̀? Báwo ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ṣé ohun kan wà tó lè mú ìjìyà náà rọlẹ̀, bí kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ṣàdédé tẹ̀ wálẹ̀? Nígbà tí wọ́n tún un kọ, mẹ́fà fẹnu kò. Ẹnì keje ò gbà, a sì jọ jiyàn rẹ̀ títí omi inú ike fi tán.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka àríyànjiyàn yẹn sí àfiṣòfò. Ní Ìbàdàn níbí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ọkàn ará ìlú. Ọmọdé tó wà ní Mọ́kọ́lá lè ròyìn ohun tí Shooting Stars ṣe ní Adámásíngbà fún ẹ. Àwa onírọ́gbì ò pọ̀, àwọn rẹfirí díẹ̀ kan náà làwọn eléré wa ń bá pàdé lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ohun tí rẹfirí bá gbójú fò lónìí ni wọ́n máa gbé wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Eléré lè fara da rẹfirí tó le. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni kí wọ́n fìyà jẹ ẹnì kan ní ìṣẹ́jú kẹwàá, kí ẹlòmíì ṣe irú ẹ̀ ní ìdajì kejì kó sì mú un jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ̀san fúnra wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìtàn tí mi ò tíì sọ fún wọn rí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ báyìí. Nínú eré kan tí mo ṣe rẹfirí rẹ̀, orúnkún gbá ọmọkùnrin kan lórí. Ó dìde, ó ta gọ́ọ́gọ́ díẹ̀. Kóòṣì rẹ̀ ń pariwo pé kò sí nǹkan tó ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí mi ká, wọ́n ń bẹ̀ mí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó máa bá eré lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi súnmọ́ mi, tó rọra béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, apá ibo la ń gbá a sí?” Lẹ́yìn náà ló bì. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń kí mi dòní. Síbẹ̀ èmi ni fèrè wà lọ́wọ́ mi. N kò gbàgbé ojú tó fi wò mí nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ojú ẹni tó jí ní ilé tí kò mọ̀.

Nítorí náà, mo ní kí wọ́n há àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sórí, kí wọ́n sì fi èdè tí eléré tí nǹkan bá gbá lórí gbọ́ jù lọ bi í. Pápá wo la wà yìí? Ìdajì wo la wà? Ta ló gba àmì kẹ́yìn? Ẹgbẹ́ wo lẹ bá ṣeré kẹ́yìn? Ṣé ẹ borí? Bó bá ṣì ọ̀kan, kó jáde. Bó bá dáhùn gbogbo ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró dáadáa, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣófo, kó jáde náà, kó má sì padà wọlé lọ́jọ́ yẹn.

“Bí kóòṣì bá wá ń bú mi ńkọ́, sà?” Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì yẹn ló béèrè.

“Jẹ́ kó bú ẹ.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Aago mọ́kànlá làwọn oníbọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba pápá wọn. Mo wà nínú Micra, a ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo, nígbà tí ohùn ọmọbìnrin náà wọlé sórí WhatsApp mi. Ó ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo ń fi ìka ka àlàfo tó wà láàárín wọn lórí itan. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì: “Ìkẹjọ yá jù. Tún un pè.”