Káàdì Alájọ, Ìwé Akápò

Àwọn ará ilé ní Àkúrẹ́ gbà pé ìjọba ló ń ṣe gbogbo nǹkan fún wa ní Jámánì. Bí ọ̀rọ̀ owó àdúgbò bá ti dé, wọ́n á ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdáwó." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní Stuttgart, ní ọ̀pọ̀ ilé, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà ló ń gbá a. Kehrwoche ni wọ́n ń pè é, ọ̀sẹ̀ ilé gbígbá. Pátákó kékeré kan máa wà lára ilẹ̀kùn ẹni tí iṣẹ́ kàn. Oríṣi méjì ni iṣẹ́ náà. Ti kékeré ni pé kó gbá àtẹ̀gùn iwájú ilé tirẹ̀, kó sì fi omi nù ún. Ti ńlá ni ìta, ẹ̀gbẹ́ títì àti àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Bí yìnyín bá bọ́ lóru, ó gbọ́dọ̀ ti kó o kúrò kí aago méje àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó lù, torí bí ẹnì kan bá yọ̀ ṣubú, ó lè di pé kó san owó gbà-máà-bínú. Tó bá parí, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé pátákó náà lọ kọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Wọ́n ń kùn o, àmọ́ wọ́n ń ṣe é.

Ìwà wọn kò dára ju tiwa lọ. Ìwé owó wọn ló ń ṣí sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti gba agbálẹ̀, wọ́n á pín owó rẹ̀ sórí àwọn ayálégbé, onílé á sì ní oṣù 12 péré lẹ́yìn ọdún ìṣirò láti fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́. Bó bá fà á kọjá bẹ́ẹ̀ nípa àìbìkítà tirẹ̀, kò lè béèrè àfikún mọ́. Ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó kó rìsíìtì jáde. Bákan náà ni ẹgbẹ́: èèyàn 7 ló gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹjọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n á yan ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ láti yẹ ìwé akápò wò, lẹ́yìn náà ni ìpàdé ọdọọdún á tó dìbò bóyá ọrùn ìgbìmọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò á kọ̀wé. Òfin kò gbà kí wọ́n dá a dúró ju ọdún 2 lọ.

Ẹ wá wo owó tiransifọ́mà lọ́dọ̀ wa. Tiransifọ́mà jó ní Ọ̀bá-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ àwọn onílé pín owó sórí ilé kọ̀ọ̀kan. Àkáǹtì akápò fúnra rẹ̀ ni owó ń wọ̀, kò sí ẹni tó rí ìwé iye tí wọ́n ra nǹkan. Nígbà tí iná bá dé, ẹni tó san àti ẹni tí kò san, ara òpó kan náà ni wáyà wọn wà. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ san lọ́dún tó ń bọ̀?

Ohun tó sì ń jó o gan-an, àjùmọ̀ṣe ló yẹ kó dá a dúró. Fésì mẹ́ta, ìyẹn ọ̀nà iná mẹ́ta, ló ń jáde lára tiransifọ́mà. Bí fíúsì ọ̀kan bá já, àwọn ilé tó wà lórí rẹ̀ á yí sórí fésì tó ṣẹ́kù, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi á jọ dà lé ibì kan. Ìyẹn náà á já. Wọ́n á wá fi wáyà tó nípọn dí àyè fíúsì. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ohun tó máa já mọ́, inú tiransifọ́mà ni ìnira ń lọ tààrà. Bí olè bá tún ti fa ọ́ìlì rẹ̀, ooru á parí iṣẹ́.

A sì mọ bí a ṣe ń ṣe é! Ní Ọjà Ọba, alájọ ń gba owó lójoojúmọ́. Káàdì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá, àpótí 31 ló wà lójú rẹ̀, bó bá ti san, wọ́n á sààmì sí i níṣojú rẹ̀. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni alájọ ń mú, gbogbo wọn ló ti mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Alájọ mìíràn máa ń sá lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń dá mọ iye tirẹ̀ dé kọ́bọ̀. Ìyálọ́jà tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ lórí àjọ náà ló ń sá pamọ́ fún ẹni tó ń gba owó àdúgbò, torí kò sí káàdì níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí mo pàdánù. Ẹni tó ń gbé pátákó kọ́ ilẹ̀kùn rẹ níbí lè má mọ orúkọ rẹ. Aládùúgbò tó jẹ gbèsè owó tiransifọ́mà ní Àkúrẹ́ ló máa kọ́kọ́ dé bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ọ́, á sì gbé àga wá. Síbẹ̀ mi ò kábàámọ̀ pé mo kúrò. Níbi tí mo wà, mo lè béèrè ohun tí wọ́n fi owó mi ṣe láìsí ẹni tó máa sọ pé mo ń ṣe àfojúdi sí àgbà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí àkáǹtì sórúkọ àdúgbò, kí èèyàn mẹ́ta jọ máa fọwọ́ sí i. Lóṣooṣù, ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri tó sún mọ́ tiransifọ́mà: ilé tó san, iye tó wọlé, iye tí wọ́n ra fíúsì, ẹni tó gba owó iṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì náà ránṣẹ́ sí mi, tèmi á wọlé lọ́jọ́ náà.