Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan, ẹfun, amọ̀ àti igbó Rẹ́mọ: ibi tí iṣẹ́ dé

Oṣù Èbìbí

Ìwé àṣẹ ti jáde, ìbọn ti wọlé, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ìwé àṣẹ ni mo kọ́kọ́ dárúkọ nítorí òun ló bá mi yan ìdajì ohun tí mo ń wá. Lábẹ́ òfin ìbọn ti 1959 tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà, ìbọn kátíríìjì tó ń ki ọta sára rẹ̀, àti èyí tí a ń fa ọwọ́ abẹ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò sí lára ohun tí ọlọ́pàá ń fún ọdẹ ní àṣẹ fún. Ó ku ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Kò dùn mí rárá. Bí o bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹni tó dúró lókèèrè pàápàá rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kọ̀rọ̀ tí omi lè sá pamọ́ sí kò pọ̀. Ní Rẹ́mọ níbí, tí bàtà aláwọ ń bu lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí òjò bá ti wọlé, ohun tí mo wò nìyẹn kí n tó wo ẹwà.

Ìbọn méjì ni oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ gbé síwájú mi, iṣẹ́ Birmingham ni méjèèjì, ọ̀pá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ̀n 12. (Bí a bá pín òjé pọ́ùn kan sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn á wọ inú ọ̀pá náà géérégé, fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 18.5.) Èyí àkọ́kọ́ rẹwà. Wọ́n fín òdòdó sí irin rẹ̀, igi ìdí rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo tú ọ̀pá rẹ̀, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo ka àmì tí ilé ìdánwò ìbọn Birmingham tẹ̀ sí i: adé, BNP (àmì pé wọ́n fi ẹ̀tù òde òní dán an wò), 2½, 3 tons (agbára inú ọ̀pá tí wọ́n gba ìbọn náà láyè fún). Mo dá a padà.

2½ yẹn ni gígùn ilé kátíríìjì, ínṣì méjì àbọ̀, ìyẹn mìlímítà 65. Kátíríìjì tí mo ń rí rà jẹ́ mìlímítà 70. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń tan èèyàn ni pé 70 á wọ ilé 65, ìbọn á sì pa dé láìjanpata. Ìdí ni pé lẹ́yìn tí kátíríìjì bá ti yìn, tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká mọ́lẹ̀ ti ṣí, ni wọ́n ń wọn gígùn rẹ̀. Kó tó yìn, ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé 65, ẹnu yẹn á ṣí sí ibi tí ọ̀pá ti ń dín, ọta á máa fi agídí kọjá, agbára inú ọ̀pá á sì ga ju èyí tí wọ́n fi dán ìbọn náà wò. Òdòdó ara irin kò ní gba ojú èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn.

Èkejì ní àmì 2¾, ìyẹn mìlímítà 70, àti 3¼ tons. Mo yẹ síkúrù rẹ̀ wò: ojú ìlà gbogbo wọn ṣì kọjú sí ẹnu ìbọn bí àwọn tó ṣe é ṣe máa ń tò ó, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti fi irin burúkú họ. Mo fi ìka gbé ọ̀pá méjèèjì rọ̀, mo fi èékánná ta á, ó dún bí agogo. Ká ní ó dún bọ̀ọ̀ ni, irin pẹlẹbẹ tó so wọ́n pọ̀ ti ń tú nìyẹn. Mo yọ igi abẹ́ ọ̀pá, mo pa ìbọn dé, mo gbọ̀n ọ́n: kò mì. Mo di ojú, mo gbé e sí èjìká, mo la ojú, mo sì rí i pé ojú ọ̀tún mi ń wo ẹnu rẹ̀ gan-an láìjẹ́ pé mo ń wá a. Ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 28, gbogbo rẹ̀ wúwo tó kílò mẹ́ta. Àwọn tó jẹ́ pé àwo amọ̀ tí a ń jù sókè nìkan ni wọ́n ń yìnbọn sí fẹ́ràn èyí tó tó kílò mẹ́ta àbọ̀, nítorí ìwúwo ń jẹ́ kí ìbọn yí lọ lọ́ọ́lọ́ọ́ tẹ̀lé ohun tó ń fò. Àmọ́ kí wọ́n gbé e rin inú ẹgàn láti àárọ̀ dé ọ̀sán ná.

Ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀: igi ìdí rẹ̀, níbi tó ti wọnú irin, dúdú bí ẹni pé iná jó o, ó rọ̀, ó sì ti sán díẹ̀. Iṣẹ́ tó délẹ̀ nìyẹn.

Oṣù Òkúdu

Òróró ló fà á. Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó ń da òróró sí irin rẹ̀, ó sì ń gbé e ti ògiri, ẹnu sókè, ìdí nílẹ̀. Òróró ń sàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú igi, igi ń mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbọn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní òróró, ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ lórí àkísà títí èyí tó pọ̀ jù á fi kán tán.

Síkúrù ìbọn yìí ní ojú tóóró, súkúrù-díráfà tí à ń rà lọ́jà á fọ́ ọ. Mo yún méjì lẹ́nu lórí òkúta ìpọ́nbẹ títí wọ́n fi wọ ojú náà láìmì. Lẹ́yìn náà ni mo tú igi kúrò lára irin. Àwọn ẹ̀rọ inú lọ́hùn-ún kò kàn mí. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìbọn ni.

Láti fa òróró jáde, mo ra ẹfun lọ́jà Ṣàgámù, mo gún un kúnná, mo fi acetone pò ó, irú èyí tí àwọn tó ń kun èékánná ń lò. Mo rẹ́ ẹ mọ́ ibi tó dúdú, mo gbé e síta nínú oòrùn, níbi tí kò sí iná, nítorí acetone kì í fojú kéré iná. Bí acetone ti ń fẹ́ lọ, ẹfun ń fa òróró sára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹfun funfun ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo gbọ̀n ọ́n dànù, mo tún òmíràn rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe títí ẹfun fi ń gbẹ sí i lára láìyí àwọ̀ padà.

Bàbá ọdẹ tí ilé wọn kọjú sí tiwa wá bá mi nídìí ẹ̀. Wọ́n wo ẹfun, wọ́n wo ìdí ìbọn, wọ́n wò mí.

“Ẹfun lo fi ń bọ Ògún báyìí? Epo ni Ògún ń mu o.”

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, bàbá, epo tó ti mu sẹ́yìn ló fẹ́ pa á.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdín ni wọ́n fi ń pa ìbọn ṣakabùlà tiwọn láti ìgbà èwe, igi rẹ̀ kò sì jẹrà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtọ́jú ṣakabùlà yàtọ̀. Ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń kì sí i ń fi èérí sílẹ̀ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí o bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọ̀pá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó nù ún gbẹ, kí wọ́n tó fi ọ̀rá pa á. Ìbọn tí àwọn ìdílé Balógun ń yìn lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba, ẹni tó ni ín ní iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kátíríìjì òde òní kò ní irú èérí bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ló ń ba ìbọn tèmi jẹ́: ọ̀rinrin, àti iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ mi.

Oṣù Agẹmọ

Ibi tó sán kò gba kí a pààrọ̀ gbogbo ìdí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe káfíńtà ní Ìpẹru bá mi wá àjákù mànsóníà, èyí tí àwọn onípákó ń tà fún àwọn tó ń ṣe àga olówó iyebíye. Àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti igi walnut tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe ìdí ìbọn, ìrísí ojú igi náà kò sì jìnnà. Ẹ fi aṣọ bo imú yín bí ẹ bá ń fi sáńpépà ra á. Eruku rẹ̀ burú: sísín, imú dídùn, ara yíyún. Ẹ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn mọ káfíńtà tó sá fún igi náà pátápátá.

Mo gé tínrín lára rẹ̀, mo ki í bọ ibi tó sán pẹ̀lú gọ́ọ̀mù epoxy, mo fi okùn dì í. Òróró linseed ni mo fi ń pa gbogbo ìdí báyìí. Ó yàtọ̀ sí àdín nítorí pé ó ń gbẹ, ó ń di awọ lórí igi. Ṣùgbọ́n nínú òjò oṣù yìí ó ń fi ọ̀lẹ ṣe é. Ohun tó yẹ kó gbẹ mọ́jú ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ní ọjọ́ kẹta. Kíkán díẹ̀, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ fi í ra títí yóò fi gbóná, kí a sì ní sùúrù. Àkísà tí ẹ bá fi pa á, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Bí linseed ti ń gbẹ ló ń mú ooru wá, àkísà tó bá dì pọ̀ lè dédé gbiná láìsí ẹni tó ṣáná. Mo ń tẹ́ tèmi sórí wáyà títí yóò fi le gbagidi.

Oṣù Ògún, òjò dáwọ́ dúró díẹ̀

Àwo amọ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìbọn.

Àwo tí wọ́n ń lò níbi ìdíje fẹ̀ ní mìlímítà 110, ó wúwo tó gíráàmù 105. Lúùlúù òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà. Òkúta yẹn kún abẹ́ ilẹ̀ Ṣàgámù, ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ lápá ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú, síbẹ̀ mi ò rí ẹni tó ń ṣe àwo náà nítòsí wa. Kódà bí mo bá rí i, ẹni tó yá mi ní ilẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sì jẹ àfọ́kù àwo ọlọ́dà lè kú. Amọ̀ lásán ni mo gbà.

Amọ̀ náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1880, George Ligowsky, ará Cincinnati ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ lórí àwo amọ̀ tí wọ́n fi iná sun. Ṣáájú rẹ̀, bọ́ọ̀lù gíláàsì ni wọ́n ń jù sókè. Wàhálà àwo Ligowsky ni pé ó le jù, ọta á bà á, á dún, kò ní fọ́. Ìdí tí mi ò fi sun tèmi nìyẹn. Ìyá amọ̀kòkò kan tí mo tọ̀ lọ sọ fún mi pé amọ̀ tó bá mu omi jù ló ń sán, kí n jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì jẹ́ kí òjìji gbẹ ẹ́ kí oòrùn tó rí i. Mo fi iyanrìn kíkúnná díẹ̀ kún un, àti sítáàṣì tó silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n fún lára ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi, wọ́n rò pé aṣọ ni mo fẹ́ fi lọ̀. Ìdérí agolo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, àárín rẹ̀ kó fẹ́lẹ́ kó sì yọ sókè, nítorí ìwúwo etí ló ń jẹ́ kó máa yí, yíyí yẹn ló sì ń gbé e fò. Apá ìjù jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo kan páànù títẹ̀ mọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ń jù ú dúró sẹ́yìn ẹni tó ń yìnbọn díẹ̀, lápá kan. Kò sí ibòmíràn tó gbọ́dọ̀ dúró sí.

Ọta wẹ́wẹ́ nọ́ńbà 7½ (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ọta ń kéré) lè lọ tó igba mítà kó tó bọ́ sílẹ̀. Mo wá ibi tí ọ̀ọ́dúnrún mítà rẹ̀ ṣófo, àbàtà ló wà níwájú, kò sí ọ̀nà oko tó gba ibẹ̀. A tún ń sọ fún àwọn aládùúgbò oko kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Ọ̀wàrà

Ìdí ti gbẹ, mo ti dè é padà, ojú ìlà síkúrù sì kọjú síbi tó ń kọjú sí tẹ́lẹ̀. Kí n tó yìn ín rárá, mo gbé e lọ fún oníṣẹ́ ìbọn kó bá mi wo ìdè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìwé àpò sìmẹ́ńtì. Mo tú wọn, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ di fífẹ̀, mo gbé wọn kọ́ ní yáàdì 40, ìyẹn mítà 36 àti ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ibi tí ọta pọ̀ sí jù, mo ń ya òbìrí ínṣì 30 yí i ká, mo sì ń ka ihò. Kátíríìjì gíráàmù 28 ti nọ́ńbà 6 ní nǹkan bí ọta 270 nínú. Ọ̀pá òsì mi tó ní ààbọ̀ choke (choke ni bí ẹnu ọ̀pá ṣe fún tó) yẹ kó kó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sínú òbìrí yẹn, ìyẹn bíi 160. Ọ̀tún tó ṣí jù ú lọ, ìdá 50. Òsì ṣe bó ti yẹ. Ọ̀tún ń fi àlàfo tí àparò odindi lè gbà kọjá sílẹ̀ pẹ̀lú irú kátíríìjì kan, nígbà tó jẹ́ pé òmíràn tí owó rẹ̀ kéré tàn kálẹ̀ dáadáa. Ìwé sìmẹ́ńtì kò mọ owó ọjà. Èyí tó rọjú ni mo ń rà báyìí.

Ìtọ́jú lẹ́yìn ìyìn kò gba àkókò. Mo ṣẹ́ ẹ, mo wo inú rẹ̀, mo tún wò ó. Ọ̀pá onígi tó ní búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti òróró tó ń tú èérí kọjá láti ilé kátíríìjì lọ sí ẹnu, àkísà tẹ̀lé e títí àkísà á fi jáde ní mímọ́, lẹ́yìn náà òróró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Mo nu gbogbo ibi tí ọwọ́ kàn lára irin. Kò gbọdọ̀ sùn nínú àpò aláwọ tàbí aláṣọ. Àpò máa ń mu omi pamọ́, ìpẹtà á sì ti yọ kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní àgádágodo ló ń gbé, kátíríìjì wà nínú yàrá mìíràn, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà wò bí òjò bá rọ̀ lemọ́lemọ́, kódà bí mi ò bá yìnbọn.

Oṣù Bélú

Ilẹ̀ ti ń gbẹ, a ti wọ igbó. Àparò ni mo ń wá, lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́, kí ìrì tó gbẹ tán; ọ̀yà bí ó bá yọjú. Igbó Omo ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú kò sí nínú ètò mi. UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tí a dá sí láti 1977, erin ṣì ń gbé inú rẹ̀, ìbọn kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Kílò mẹ́ta yẹn ń sanwó ara rẹ̀ báyìí. Bí a bá dé odò kékeré tàbí igi tó wó dí ọ̀nà, mo ń ṣẹ́ ìbọn, mo ń yọ kátíríìjì méjèèjì, mo ń kọjá, lẹ́yìn náà mo tún wo inú ọ̀pá bóyá ẹrẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ìbọn tó láti ya irin. Àparò tó bá dìde kọjá mítà 35, mo ń jẹ́ kó máa lọ.

Àwo amọ̀ ń fọ́ dáadáa, àmọ́ àwọn kan ń fọ́ lẹ́nu apá ìjù kí wọ́n tó gbéra. Sítáàṣì ló ń fẹ́ pọ̀ sí i, tàbí iyanrìn ló pọ̀ jù. Mo ti ya amọ̀ méjì sọ́tọ̀ láti dán méjèèjì wò. Lára ìdí ìbọn, ó ku ìfín onílà tó wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ọwọ́ ń dì mú. Ó ti fá, ó sì ń yọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ bá làágùn. Irin ìfín kò tíì dé, ẹ̀gbọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ fi àjákù mànsóníà kọ́ ọwọ́ títí ìlà mi á fi dúró tààrà.