Ẹ̀rí tó ṣì ń lọ lọ́wọ́: àyẹ̀wò ọdún mi

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá ni mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ìwé gbèsè lórí itan. Màá ka ohun tó wọlé, màá ka ohun tó jáde, màá wá kọ díẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi kà á. Ti ọdún yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo pa á rẹ́.

Oṣù Kẹta ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ń múra ibi iṣẹ́ lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ òsì kò wọlé, ó ní kí n wá bá òun wò ó bóyá òkúta wà nínú rẹ̀. Mo gbọn bàtà náà, n kò rí nǹkan kan. Kí n tó gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò ní sọ ti ilé ìwòsàn, ẹni tó bá ti sùn lórí bẹ́ǹṣì wọn rí ti mọ̀ ọ́n. Owó aṣọ lọ, owó àjọ tẹ̀ lé e, mo sì yá ₦480,000 lé e.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, mo lè lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí n tó ta ẹyọ aṣọ kan. Lọ́jọ́ kan, mò ń ro ẹ̀kọ làfún tí a fi ń ya ara aṣọ, mo wo inú ìkòkò, mo ní tí kì í bá ṣe álọ́ọ̀mù tí mo ti dà sí i, ewédú nìkan ló kù. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó pẹ́ kí n tó rẹ́rìn-ín mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi méje ni n kò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mò ń bínú sí, àkókò ẹ̀rí ni. Gbogbo ẹni tó bá jáde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti yanjú: ọmọ ti dé, físà ti jáde, ilé ti parí. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò tíì lè di bọ́tìnnì, kí ló fẹ́ bọ́ síwájú wá sọ? Wọ́n á ní kí ó ní sùúrù Jóòbù. Jóòbù wo? Ní orí kẹta ìwé rẹ̀, ó ti ń fi ọjọ́ tí wọ́n bí i ré. Orí tí ọkùnrin yẹn fi ráhùn pọ̀ ju èyí tó fi dákẹ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n a kì í rántí ìyẹn tí a bá ń tu èèyàn nínú.

Màmá kan nínú ẹgbẹ́ ìyá, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló wá kan ilẹ̀kùn. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó ní, "Ìyá Tósìn, níbo lo kó aṣọ tó kù sí?" Ó fa àpótí, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ tó ti gbẹ. Láti ìgbà náà, ó ń wá jókòó ti bàbá wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí n lè ráyè lọ sọ́jà. Òun ló ń kọ́ ọ ní bí yóò ṣe fún kànrìnkàn tútù pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Tí omi bá kán, wọn á pàtẹ́wọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án, pásítọ̀ wa wàásù látinú Róòmù orí karùn-ún, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé wàhálà ní í ṣiṣẹ́ sùúrù. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó bá fi aró ṣe àpẹẹrẹ: bí a ṣe ń ri aṣọ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dúdú tó. Mo dúró dè é lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aró ẹlú kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Nínú ìkòkò, aṣọ kì í dúdú. Tí ẹ bá kọ́kọ́ fà á jáde, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló máa ń ní, ẹ ó rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ gbé e sórí okùn, ẹ fẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí i, ojú yín báyìí ló máa ṣe di aró, láti etí lọ sí àárín. Lẹ́yìn náà lẹ ó tún rì í, tí ẹ ó tún fà á jáde. Aṣọ tí ẹ rì tí ẹ gbàgbé síbẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Pásítọ̀ ronú díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò lédè Gíríìkì, hupomone, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni dídúró lábẹ́ nǹkan. Mo ní ó dáa, màá dúró lábẹ́, ṣùgbọ́n kí ìjọ rí i pé ẹnì kan wà nídìí ìkòkò tí yóò máa fà mí jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wá bá wa ṣe irin ìdìmú sí ara ògiri balùwẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ ìyá lọ sí Aké, sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ ìtàn Àjàyí Crowther: 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, 1846 ló tó fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún màmá, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Gbogbo èèyàn pariwo halelúyà. Èmi ń ṣírò. Ọdún 25. Ọdún kejìlá ńkọ́? Màmá yẹn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún kejìlá, ó pọn omi, ó dáná, kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láyé. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.

Ó dáa, ìwé gbèsè. ₦135,000 ló kù. Bàbá ń rìn dé ẹnu géètì, ó ń dá padà. Ọwọ́ òsì kò tíì di bọ́tìnnì, aṣọ tó ń gba orí wọ̀ là ń rán fún un. Àdúrà mi ti kúrú gan-an: "Olúwa, mú mi dé alẹ́." Ní òwúrọ̀, màá tún un gbà.

Lánàá, arákùnrin tó ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí níbi àìsùn ọdún dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Mà, kí ni Olúwa ṣe fún yín tí ẹ fẹ́ sọ?"

Mo ní kó kọ ọ́ pé ó ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ó wò mí, ó wo ìwé. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kí n kọ ọ́, mà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó kọ ọ́. Èmi ni ẹni kẹsàn-án.