Ohun tí mo kọ́ nípa ríra ògbólógbòó ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdóòmù nídìí iṣẹ́ mẹ́káníìkì, kò ní í pẹ́ tí agégẹdú tàbí agbaṣẹ́ṣe kan yóò fi wá bá yín pé kí ẹ tẹ̀ lé òun lọ wo Mercedes-Benz 911 àtijọ́ kan, èyí tí iwájú rẹ̀ náà ń fà, kí ẹ lè sọ fún òun bóyá kí òun rà á tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn agégẹdú wo irú ọkọ̀ yìí ní agbègbè Òǹdó àti Ọ̀rẹ̀, ohun tí mo sì rí kọ́ ni pé ọ̀nà tí a ń gbà yẹ 911 lásán wò kò tó fún èyí. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì, ni ó yẹ kí ẹ parí sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wò. Imú kúkúrú tó rí róbótó, èyí tí ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì lọ́dún 1959, ni 911 lásán àti èyí tí iwájú rẹ̀ ń fà jọ ní, ẹni tó ń kọjá lọ kò sì lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀. L ni wọ́n ń kọ ṣáájú nọ́ńbà èyí tí ẹ̀yìn nìkan ń fà. LA ni wọ́n ń kọ ṣáájú èyí tí iwájú náà ń fà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á wé síprín mìíràn mọ́ L 911 kí ó lè ga, wọ́n á ki táyà ńlá bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì máa polówó rẹ̀ pé iwájú rẹ̀ ń fà. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ẹ rí díìfù, ìyẹn kókó irin tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì, láàárín ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ sì wò ó bóyá pòròpẹ́là kan, ọ̀pá gbọọrọ tó ń yí, so ó mọ́ gíà kékeré tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn.

Ẹ́ńjìnnì ni olówó yóò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ní kí ó fi ìyẹn sí ìkẹyìn, ẹ má sì fi ohùn rẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́. OM 352, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sí lítà 5.7, ni ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, kò sì sí mẹ́káníìkì ọkọ̀ ńlá kan ní ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n tú kí ó sì mọ̀ ọ́n tò. Ọkọ̀ Mercedes ni ilé iṣẹ́ ANAMMCO ń tò ní Enugu fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì yìí kò wọ́n ní Araromi ní Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rú èéfín, owó ni yóò tán ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n gíà kékeré tí eyín rẹ̀ ti jẹ, tàbí oríkèé tó wà nínú ìdí ẹsẹ̀ iwájú, kì í ṣe ohun tí ẹ máa rí lórí àtẹ. Ó lè jẹ́ Jámánì ni wọn yóò ti gbé e wá, olówó yóò sì máa fi ọkọ̀ tí ẹ ní kí ó rà ṣe ìwòran lásán.

Bí mo ṣe ń yẹ iwájú wò nìyí. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi òkúta ńlá tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ jáàkì axle iwájú, ìyẹn irin ńlá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, títí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi igi tó nípọn gbé e ró, nítorí pé jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Nígbà tí iwájú kò tíì wọlé, ìyẹn nígbà tí wọn kò tíì mú kí ó máa fà, pòròpẹ́là iwájú gbọ́dọ̀ máa yí bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i. Ẹ wá fa ọ̀pá tó ń mú iwájú wọlé, kí ẹ mi pòròpẹ́là díẹ̀ kí eyín lè bá eyín mu. Láti ìgbà náà lọ, ó gbọ́dọ̀ há gbagidi. Bí ó bá ṣì ń yí lọ yí bọ̀ púpọ̀ kí ó tó há, eyín ti jẹ. Ní ipò yìí, ẹ yí ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú: ẹsẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ òsì bá dúró lójú kan, irin kan ti ṣẹ́ nínú axle, tàbí wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Ẹ wá ṣẹ́ sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ tún yí ẹsẹ̀ náà, kí ẹ fi etí sí ìdí rẹ̀. Oríkèé tó ti ń kú yóò máa dún kọ́-kọ́-kọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ má jáàkì ọkọ̀ òun ti dá yín lóhùn ìbéèrè tí ẹ kò tíì bi í.

Epo inú axle tún ń sọ ìtàn tí olùtajà kò ní í sọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin ìrìn àjò, axle rẹ̀ a gbóná. Bí ó bá wá wọ odò lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a súnkì, bí ihò tí axle fi ń mí bá sì ti dí, omi ni yóò fà gba inú síìlì, rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú, wọlé. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀. Epo tó bá funfun bí ògì ti mu omi, ó sì ṣeé ṣe kí bẹ́ríìnì inú ti dípẹtà. Lẹ́búlẹ́bú irin tó kúnná lẹ́nu nọ́ọ̀tì kò burú fún ọkọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èérún tí ìka lè mú, ẹ kó irinṣẹ́ yín kí ẹ máa lọ.

Ṣásì, ìyẹn egungun irin tí gbogbo ara àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jókòó lé, ni wọ́n ṣe láti máa lọ́ díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe rí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi lè gba inú kòtò kọjá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí jórinjórin bá ti lẹ irin mọ́ ọn yóò le jù, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni yóò sì ti sán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹ̀yìn kábù àti ibi tí síprín ti so mọ́ ṣásì, nítorí pé ọ̀dà tuntun níbẹ̀ kì í ṣàdédé wà. Ẹ tún ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣásì, kí ẹ fi wé ti ìwé ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ológun tàbí ìjọba ni ó ti jáde, ẹ béèrè ìwé gbàǹjo rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Bedford RL, ọkọ̀ akẹ́rù ológun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò láwọn ọdún 1950, ni wọ́n fi lọ̀ yín dípò 911, ọ̀rọ̀ sítíárìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ni wọ́n sì gbé sítíárìn wọn láti ọwọ́ kan sí òmíràn ní gáréèjì. Ọ̀pá sítíárìn tí wọ́n gé tí wọ́n sì jó pọ̀, èmi kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni wà á. Yàtọ̀ sí èyí, epo bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, ilé iṣẹ́ Bedford kò sì sí mọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lè rà á, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi kó gẹdú.

Àwọn LA 911 tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ panápaná ní Jámánì ni ó wù mí jù. Wọn kì í sábà rìn púpọ̀, abẹ́ ilé ni wọ́n sì ń gbé. Àléébù wọn ni pé ìdúró pípẹ́ ń gbẹ rọ́bà: síìlì, ọ̀pá rọ́bà bíréèkì, àti táyà. Táyà tó dúdú kirikiri lè ti dàgbà ju awakọ̀ lọ. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2304 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2004, bí nọ́ńbà náà bá sì jẹ́ mẹ́ta péré, ó ti wà ṣáájú ọdún 2000.

Nígbà tí ẹ bá ti rí gbogbo èyí tán, ẹ wá ní kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì. Ẹ rí i pé kò tíì gbóná kí ẹ tó dé, kí ẹ sì ṣí ìdérí ibi tí a ń bu epo sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ láti wo bí èéfín ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ kọ owó àtúnṣe gbogbo ohun tí ẹ rí sínú ìwé, nọ́ńbà pátì níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ fi lé olówó lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, kí ẹ sì gba owó iṣẹ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀ yálà ó ra ọkọ̀ náà tàbí kò rà á.