Bàálù Kékeré Tó Ń Fò Rẹlẹ̀ Létí Òkun: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Dìde Fún?

Ariwo kọ́ ló yẹ kó lé èèyàn kúrò létí òkun. Bàálù kékeré tó ń pariwo kọjá lórí omi, iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó ń bọ̀ láìdún, tó dà bíi pé kò kúrò lójú kan, òun gan-an ni kí ẹ dìde fún.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin sọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin 91.119 ti FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ní bàálù tó bá ń fò níbi tí èrò pọ̀ sí gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ga ju ohun tó ga jù lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sí i. Lórí agbami, òfin kò dá iye gíga kankan. Ohun tó kà léèwọ̀ níbẹ̀ ni kí bàálù sún mọ́ èèyàn, ọkọ̀ ojú omi, mọ́tò tàbí ilé débi tí àárín wọn kò ní tó ẹsẹ̀ bàtà 500, ìyẹn bíi mítà 152. Ẹsẹ̀ bàtà 500 náà ni wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n látòkè. Nítorí náà, bàálù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi táyà kan ìgbì lè má rú òfin kankan bó bá jìnnà tó sí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí àwọn èèyàn ń fi sùn ló ń forí ṣánpọ́n síbí.

Ní etí òkun Florida, New Jersey, tàbí Copacabana ní Rio, ìpolówó ọjà ni èyí tó pọ̀ jù ń bá kiri. Bàálù Piper Super Cub, tàbí Pawnee tí wọ́n ṣe fún fífín oògùn sí oko, ló sábà máa ń fa aṣọ ìpolówó náà. Lẹ́tà kan lára rẹ̀ máa ń ga tó mítà kan ààbọ̀. Bàálù kì í gbé aṣọ yìí nílẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Wọ́n á ri òpó méjì mọ́lẹ̀ ní pápá, wọ́n á ta okùn tí wọ́n so mọ́ aṣọ náà sáàárín wọn, awakọ̀ á wá fò rẹlẹ̀ gan-an pẹ̀lú ìkọ́ tó ń fì lẹ́yìn ìrù. Bó bá ti kọjá òpó, á fa imú bàálù sókè gan-an kí ìkọ́ lè gbé okùn. Ibẹ̀ ló léwu jù nínú iṣẹ́ náà: bí imú bá ga jù tí eré sì lọ sílẹ̀ jù, apá kò ní lè gbé bàálù mọ́, kò sì sí àyè nísàlẹ̀ láti tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì ló kù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé láti iwájú ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára. Aṣọ tó ń fà wúwo, bàálù ń rìn jẹ́jẹ́, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń fi agbára ńlá ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ dínkù, ooru pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, awakọ̀ á já aṣọ náà dànù, á sì wá omi tàbí iyanrìn. Ní July 2022, bàálù bẹ́ẹ̀ já sínú òkun ní Huntington Beach, ní California, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ìdóòlà ẹni tó ń rì ti ń díje lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé awakọ̀ jáde láàyè.

Àwọn mìíràn kàn ń kọjá lọ ni. Níbi tí pápákọ̀ òfurufú ńlá bá wà lẹ́bàá òkun, bíi JFK ní New York, àwọn kékeré máa ń tẹ̀ lé etí òkun kí wọ́n lè wà lábẹ́ ọ̀nà àwọn ńlá. Ìkùukùu tó rẹlẹ̀ náà máa ń tì wọ́n wálẹ̀.

Ojú kì í mọ gíga lórí omi, torí kò sí igi tàbí ilé tí a lè fi wé e. Ẹ lo fóònù yín. Cessna 172, bàálù kékeré tí wọ́n ṣe jáde jù láyé, fẹ̀ tó mítà 11 láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì. Ẹ na ọwọ́ yín tán, kí ẹ gbé fóònù sábẹ́ bàálù náà. Bí apá méjèèjì bá gba gbogbo ìbú fóònù, tó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 7, bàálù wà ní nǹkan bíi mítà 100 sí yín. Bó bá gba òòró rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kò tó mítà 50. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 ààbọ̀ péré, ó ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 500. Bó bá ní ẹ́ńjìnnì méjì, ẹ má gbára lé ìṣirò yìí, torí apá rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà 16.

Ẹ má sì sáré gba ohun tí Flightradar24, ètò orí fóònù tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn, kọ gbọ́. Bàálù ń fi gíga rẹ̀ ránṣẹ́ bíi pé ìwúwo afẹ́fẹ́ lójú òkun jẹ́ hẹ́kítópásíkà (hPa) 1013.25 lójoojúmọ́. Hẹ́kítópásíkà kọ̀ọ̀kan tí ìwúwo gidi bá fi yàtọ̀ sí i ń ṣi gíga náà kọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 27. Lọ́jọ́ tí ìwúwo afẹ́fẹ́ bá tó 1030, bàálù tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 600 á hàn bíi 150. Ní Èkó, àṣìṣe yìí kì í pọ̀, torí ìwúwo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í jìnnà sí 1013. England nígbà òtútù ló ti máa ń tan èèyàn jẹ.

Ó wá ku èyí tí kò dún. Cessna tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ń yọ́ lọ síwájú ní ìlọ́po 9 gíga tó wà. Láti ẹsẹ̀ bàtà 500, bíi kìlómítà kan àti ìdá mẹ́ta ló kù fún un, kò sì ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Iyanrìn gbígbẹ á gbé táyà iwájú mì, bàálù á sì dojú dé. Bó bá balẹ̀ sórí omi, àwọn táyà tí kì í ká á há sínú omi, á sì tún dojú dé. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń wá iyanrìn tútù tó le lẹ́bàá omi, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré tí àwọn àgbà ti ń sáré. Ìgbì òkun á bo ìwọ̀nba ìró tó kù mọ́lẹ̀.

Ní Hilton Head, ní South Carolina, ní March 2010, abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù Lancair kan já, epo bo gíláàsì, awakọ̀ kò ríran. Ẹni tó ń sáré pẹ̀lú ohun ìgbọ́rìn létí ni bàálù náà pa. Ní July 2014, Piper Cherokee kan pa bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Venice, ní Florida. Ní August 2017, Cessna 152 kan balẹ̀ sáàárín èrò ní Costa da Caparica, ní Potogí, ó pa ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kékeré kan. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ kò kú.

Bí ẹ bá rí bàálù tó ń tóbi sí i láìṣí sápá ọ̀tún tàbí apá òsì, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ gbé ọmọ, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, kí ẹ sá kúrò lẹ́bàá omi lọ sórí iyanrìn gbígbẹ. Ẹ má ṣe sá tẹ̀ lé etí omi, ọ̀nà tí òun náà fẹ́ gbà nìyẹn.

Bó bá ti dúró, ẹ má gba iwájú lọ bá a, torí abẹ̀bẹ̀ náà ṣì lè yí. Inú apá ni epo sábà máa ń wà, ó sì sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Kí ẹnikẹ́ni má tan siga. Bó bá jẹ́ irú bàálù tí wọ́n ń pè ní Cirrus, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ta párásúùtì wà lẹ́yìn fèrèsé ẹ̀yìn, ẹ má gé nǹkan kan níbẹ̀. Nọ́ńbà ìpè ni 911 ní Amẹ́ríkà àti 112 ní Nàìjíríà. Ní Ìlú Ọba, ẹ pe 999, kí ẹ béèrè Coastguard.

Bó bá jẹ́ ẹjọ́ lẹ fẹ́ fi sùn, FAA ní Amẹ́ríkà, CAA ní Ìlú Ọba tàbí NCAA ní Nàìjíríà ni ẹ ó kọ̀wé sí. Wọ́n á fẹ́ mọ aago, ibi tí ẹ dúró sí gan-an, ọ̀nà tí bàálù dojú kọ, àwọ̀ rẹ̀, àti bóyá apá rẹ̀ wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ilé awakọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti Amẹ́ríkà, tó fi N bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tàbí ìrù ni kí ẹ ti wá a. Ti Ìlú Ọba, tó fi G bẹ̀rẹ̀, máa ń wà lábẹ́ apá òsì pẹ̀lú. Ti Nàìjíríà ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ya fídíò, ẹ jẹ́ kí ilé, òpó tàbí ọkọ̀ ojú omi kan hàn nínú rẹ̀, torí bàálù nìkan lójú ọ̀run kò fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi wọn gíga.