Ọmọ ọdún méjì nídìí àkàrà ìṣínu

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ ìṣínu àdúgbò, níbi tí a ti ń dín àkàrà pín fún àwọn tó gbààwẹ̀, máa ń dàrú. Ẹ̀wà lè pọ̀, epo lè tó, igi lè gbẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti di agogo márùn-ún, ebi á máa pa ọmọ, oorun á máa kùn ún, epo á sì ti gbóná lórí iná, lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọn ò tíì fi omi kan ẹnu láti ìgbà sààrì. Kò sẹ́ni tó lè sún Mògáríbì, àkókò ìrun tí a ń ṣínu, síwájú. Aago ọmọ nìkan ló ṣeé tún tò.

Ní Ìlọrin, tí oṣù ààwẹ̀ bá bọ́ sí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, nǹkan bí agogo 6:50 ni oòrùn ń wọ̀. Ẹ máa kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Àkàrà gbọ́dọ̀ ti wà nínú kúlà ní 6:20 kí àwọn tó ń pín in lè ráyè to abọ́. Kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta lórí agbada méjì á gbà tó wákàtí kan àbọ̀ láti dín tán, nítorí náà, bí ẹ bá ti kírun Alásárì tán ni kí iná máa jó. Ọmọ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sùn ní nǹkan bí agogo 1:30, kó jí ní 3:30, kó sì jẹun gidi kó tó jáde nílé. Oúnjẹ gidi ni mo wí. Ilé tí gbogbo àgbà ti ń gbààwẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán ọmọ ti máa ń di bísíkíìtì, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró ti ìkòkò. Ẹ se ìrẹsì díẹ̀ fún un, ẹ gé wàrà tó ti jinná dáadáa sí i. Èyí tí kò bá sùn lọ́sàn-án, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́jọ́ náà, ẹ má mú un wá sídìí iná.

Iṣẹ́ wà tí ọmọ lè ṣe, àmọ́ òwúrọ̀ ni tirẹ̀: bíbó ẹ̀wà. Ẹ ṣa òkúta kúrò, ẹ da omi lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 péré. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú omi, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ á ti rọ̀, á máa fọ́ mọ́ èèpo lọ́wọ́. Àgbà á máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra tirẹ̀ nínú bàsíà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú àwo pẹrẹsẹ fún ọmọ, kí omi rẹ̀ má ju ìbú ìka kan lọ. Á máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wà á yọ́ bọ́ láàárín ìka rẹ̀, èèpo á léfòó bí ìyẹ́ eéṣú, á fẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, á gbọ̀n ọ́n dànù, á tún mú òmíràn. Ó lè jókòó ti èyí fún ogún ìṣẹ́jú, èyí tí ẹ ò lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ mìíràn. Ìdajì ẹ̀wà yẹn á wà nílẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú bàsíà tàbí garawa. Omi tó jìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tó láti pa ọmọ tó bá dojú bọ̀ ọ́, kò sì ní pariwo tí ẹ ó fi gbọ́. Bí ẹ bá ti bó o tán, ẹ da omi nù.

Ẹ tún rẹ ẹ̀wà tí ẹ ti bó fún wákàtí kan sí méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, kí ẹ sì dúró tì í níbẹ̀. Ẹlẹ́rọ tó fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tètè gbé e á máa fi omi kún un, omi yẹn ni yóò ba àkàrà yín jẹ́. Ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ ẹ̀wà lásán, kí ẹ bu abọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé kí ata rodo àti àlùbọ́sà tó wọ̀ ọ́.

Pípò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọmọrógùn pò ó fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, apá á ro yín, títí tí yóò fi fúyẹ́ tí yóò sì funfun sí i. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó wú. Iyọ̀ di ìgbà tí epo bá ti gbóná, torí ẹ̀wà tí iyọ̀ bá pẹ́ nínú rẹ̀ á ṣomi. Ṣíbí ìjẹun ni kí ẹ fi dá a. Kóńgò kan á mú tó 80 jáde, nítorí náà kóńgò mẹ́ta á tó 80 èèyàn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Tí àkàrà bá tẹ́ pẹlẹbẹ, omi ti pọ̀ jù. Tó bá mu epo, epo ò tíì gbóná tó. Tó bá dúdú níta tí inú rẹ̀ ṣì tutù, iná ti le jù tàbí ṣíbí yín ti tóbi jù, èyí ló sì léwu fún ọmọdé, torí ẹ̀wà tí kò jinná á mú inú run ún mọ́jú.

Kí iná tó jó, ẹ fa okùn tàbí kí ẹ to àga onírọ́bà yí àdògán ká, kó jìnnà sí iná ní ìgbésẹ̀ àgbà mẹ́ta. Ẹ fi àwọn ọmọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí ọyẹ́ lè gbé ọwọ́ iná sí ẹ̀gbẹ́ kejì lójijì. Ẹni tó bá wọ híjáàbù gígùn, kó ká a sókè kó so ó. Kí ẹnì kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọmọ lọ: kò ní dín, kò ní ka abọ́, kò ní tẹ fóònù. Ọmọ mẹ́ta ti pọ̀ tó fún un. Àwọn ẹgbẹ́ kan á ní, "Gbogbo wa la máa mójú tó wọn." Gbogbo wa yẹn, kò sẹ́nì kan níbẹ̀.

Ẹ má sì pọn ọmọ dín àkàrà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ìyá la kà sí ibi ààbò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ láti yí àkàrà, orí ọmọ náà ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń na jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá yín, èéfín igi sì ń bá a nímú tààrà.

Ẹ gbé garawa omi mímọ́ méjì tó ní ìdérí àti búútà ìṣàlùwàlá kan sí ìtòsí. Tí epo bá ta sí ọmọ lára, omi ni, omi tútù lásán, kí ẹ máa dà á sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ fi aago kà á, torí nínú ẹkún ọmọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta dà bí wákàtí kan. Ẹ bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹyin tútù, epo pupa, ògì, ọṣẹ ìfọyín, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń wo iná sàn: wọ́n ń kó ìdọ̀tí bá ojú ọgbẹ́ ni, dókítà á sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò pẹ̀lú ìrora. Omi dídì náà ń ba awọ jẹ́. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ẹ fi láílọ́ọ̀nù mímọ́ bò ó láì wé e mọ́ra, kí ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má mú un. Èyí tó bá léròrò, tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, tàbí tó wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, nídìí tàbí ní oríkèé, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe di ọ̀la.

Ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kó dúró sílé, àgbà tó ń ya á náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Ibi tí ẹ ti ń pààrọ̀ pámpásì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi ìdáná, ọṣẹ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Tí ìpín bá kù díẹ̀, ọmọ lè tún ṣiṣẹ́: kó máa fi kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ti abọ́ kọ̀ọ̀kan. Dàbínù tí ọmọ máa jẹ, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ ya á tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀pà kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ ẹ̀bá títì ni ẹ ti ń pín in, ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọjá gọ́tà. Láàárín 6:30 sí 6:50, gbogbo ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ìlú yìí ló ń sáré lọ ṣínu nílé. Àgbà ni kó máa gbé abọ́ fún awakọ̀.

Epo tó kù nínú agbada ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ kírun. Kò ta mọ́, kò rú èéfín, ó dákẹ́ bí omi, síbẹ̀ ó lè ju wákàtí kan lọ kó tó ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ má gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa igi kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìdérí onírin dé e lórí àdògán níbẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin tó wá ṣiṣẹ́, kì í ṣòro kí a rí ẹni tí nǹkan oṣù kò jẹ́ kó kírun lọ́jọ́ yẹn. Òun ni kó dúró ti agbada. Tí kò bá sí, ẹ pín ara yín sí méjì kírun, kí ẹ má sì tú okùn náà títí epo á fi tutù.